Adìẹ tí kò tó ìdajì kílò: bí mo ṣe ń sin Serama àti bántáàmù ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú

Àgbà àkùkọ Serama tó wà nílé mi wọn gíráàmù 410 lórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà. Páálí ṣúgà onídajì kílò wúwo jù ú lọ. Bó bá na àyà síwájú, tó gbé ìrù dúró ṣánṣán, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ sì wọ́ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ ó mọ ìdí tí inú mi fi ń dùn sí i láràárọ̀.

Kéèkì ni mò ń ṣe jẹun ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ẹ̀yìnkùlé mi ò sì fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan adìẹ kékeré. Àmọ́ ẹni tó bá ń rò pé bí adìẹ bá ti kéré, wàhálà rẹ̀ náà á kéré, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ kó tó náwó. Ara kékeré kì í mú ooru dúró pẹ́. Omi tí adìẹ ìbílẹ̀ ń fẹsẹ̀ wọ́ kọjá lè gbé ọmọ Serama lọ. Egbòogi tí lẹ́yà, adìẹ ńlá tí wọ́n ń sìn fún ẹyin, ń gbà láìṣe nǹkan kan lè pa á. Ìwọ̀n ara adìẹ yìí ni mo fi ń pinnu gbogbo nǹkan, látorí wáyà ilé rẹ̀ dórí abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Oríṣi méjì ni mò ń sìn. Serama wá láti ìpínlẹ̀ Kelantan ní Malaysia, òun sì ni wọ́n kà sí adìẹ tó kéré jù lágbàáyé. Ìkejì ni bántáàmù (ìyẹn adìẹ kékeré) ti Japan, tí àwọn ará Japan ń pè ní Chabo. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ kúrú débi pé ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ga ju orí lọ. Arúpẹ̀ tiwa náà wà o, adìẹ ìbílẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì le ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n kì í kéré tó wọn.

Èyí ṣe pàtàkì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà. Ọmọ adìẹ gbogbo ló kéré, torí náà ẹ má ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi ìyá àti bàbá rẹ̀ hàn yín. Wọ́n máa ń ta ọmọ adìẹ ìbílẹ̀ lásán ní bántáàmù fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ àkùkọ, ẹ wo ogán ẹsẹ̀ rẹ̀: èyí tí ogán rẹ̀ ti yọ gígùn tí ara rẹ̀ sì kéré, àgbà ni lóòótọ́. Tó bá jẹ́ pé ibi tí ogán yóò gbà yọ ṣì ń rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíńtín, ọmọdé ni, ó ṣì ń bọ̀ wá dàgbà. Ẹ fi ìka tọ egungun àyà rẹ̀ bóyá ó tọ́. Ẹ gbé e sétí, bí ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú èémí rẹ̀, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá sì rà, ẹ má dà á mọ́ àwọn ti ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi fi ń dá gbé níbi tó jìnnà sáwọn yòókù, àwọn ti ilé ni mo kọ́kọ́ ń fún lóúnjẹ kí n tó lọ sọ́dọ̀ àlejò, kí ẹsẹ̀ mi má baà gbé àrùn bọ̀.

Ilé wọn

Àgò tí mo kàn fún àkùkọ kan àti abo mẹ́rin gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó fẹ̀ ní 2, ó sì ga ní 2, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó gbé e kúrò nílẹ̀ dé orókún mi. Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti ra igi rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á jáde sínú ọgbà kékeré tí mo fi wáyà yí ká, tí mo sì fi nẹ́ẹ̀tì bo lókè.

Ẹ má fojú di ọ̀rọ̀ wáyà. Èyí tí wọ́n ń tà fún ilé adìẹ káàkiri, onígun mẹ́fà yẹn, ojú rẹ̀ fẹ̀ jù. Òròmọdìẹ yóò gba ojú rẹ̀ jáde, eku yóò gbà á wọlé, ejò yóò sì tẹ̀ lé eku. Wáyà tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ ni kí ẹ béèrè. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó rà á.

Nẹ́ẹ̀tì òkè yẹn, àwòdì ló fà á. Adìẹ ìbílẹ̀ tó bá ti tó kílò kan, àwòdì á wò ó, á kọjá lọ, ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ní ti Serama, ìyá pẹ̀lú ọmọ ni àwòdì lè gbé. Kò sí ọjọ́ orí tó tó fún wọn láti máa rìn káàkiri láìsí nǹkan lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ ìjàlọ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ìtọ́ni nípa adìẹ wọ̀nyí, ará ibi tí kò ti sí ìjàlọ ló kọ ọ́. Adìẹ tó ń sùn lórí igi lè fò sá lọ bí ìjàlọ bá dé. Èyí tí a tì mọ́nú àgò kò ríbi gbà, bó bá sì kéré tó báyìí, kì í pẹ́ rárá kí wọ́n tó parí iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan sínú agolo, mo sì bu ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti yọ nínú ẹ́ńjìnnì sínú agolo náà dé ìdajì. Mo gé ike pẹlẹbẹ, mo lu ihò sí àárín rẹ̀, mo fi bọ ẹsẹ̀ àgò lókè agolo kó lè ṣíji bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò á rọ̀ sínú agolo, ọ́ìlì á léfòó, á sì ṣàn dà nù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo nìkan kò tó. Ẹ̀ka igi kan ṣoṣo tó bá fara kan òrùlé, tàbí okùn ìsáṣọ tí ẹ so mọ́ ọn, tàbí koríko tó ga dé abẹ́ rẹ̀, afárá ni fún ìjàlọ. Mo máa ń ro abẹ́ àgò mi títí ilẹ̀ pupa á fi hàn. Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá bá dá, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ògiri kí n tó sùn. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ wọn tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé adìẹ wọlé, kí ẹ tó wá máa wá eérú tàbí omi gbígbóná tí ẹ ó dà sójú ọ̀nà wọn.

Igi tí wọ́n ń wọ̀ lé, ẹ má gbé e ga. Ẹsẹ̀ bàtà kan tó fún Serama. Ti bántáàmù Japan kò gbọdọ̀ ju ìka mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ sílẹ̀, torí pé bó bá fò láti òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi san án. Ilẹ̀ àgò ńkọ́? Èérún pákó tí wọ́n fi réńdà fá ni kí ẹ tẹ́, kó nípọn tó íǹṣì mẹ́ta. Èyí tó kúnná lẹ́búlẹ́bú látinú ayùn kò dáa, ó ń wọ̀ wọ́n nímú, àwọn ọmọ sì ń jẹ ẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ń fi ikùn gbálẹ̀ ni, bí ilẹ̀ bá tutù, ìyẹ́ ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rin, òtútù sì ń tibẹ̀ wọ̀ ọ́.

Nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi àpò ìrẹsì bo ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn àgò, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Mi ò bo gbogbo rẹ̀. Mo fi àlàfo sílẹ̀ lókè lábẹ́ òrùlé kí òórùn ìgbẹ́ wọn lè jáde. Ooru wa kò dẹ́rù bà wọ́n púpọ̀ bí òjìji bá wà, ilẹ̀ olóoru náà ni Serama ti wá. Òru ọyẹ́ àti òjò tó ń rọ̀ wínníwínní láti àárọ̀ dalẹ́ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ má sì kó wọn pọ̀ mọ́ adìẹ ńlá. Àkùkọ ìbílẹ̀ tó bá gun abo Serama yóò fi ogán ya á lẹ́yìn.

Oúnjẹ àti omi

Àgbà Serama kan kì í jẹ ju bíi gíráàmù 30 sí 40 lójúmọ́. Ìyẹn kò tó ìdajì ohun tí lẹ́yà kan ń jẹ. Torí náà ẹ má ra odindi àpò oníkílò 25 fún adìẹ márùn-ún, yóò bu kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán, oúnjẹ tó bá sì ti bu, májèlé ni fún ẹyẹ tó kéré tó yìí. Kílò mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ máa rà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù tí ọjà rẹ̀ ń tètè tán, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì fọ́ èyí tó bá dì lójú rẹ̀.

Chick mash ni kí àwọn ọmọ máa jẹ títí wọn ó fi pé oṣù méjì, kí ẹ wá gbé wọn sórí grower's mash. Ọjọ́ tí abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni layer's mash tó kàn. Ẹ má fún ọmọdé ní ti lẹ́yà, ẹfun inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín wọn lè gbé. Odindi àgbàdo tóbi fún ẹnu wọn. Ní tèmi, ọkà bàbà tàbí jéró díẹ̀ ni mo ń wọ́n sílẹ̀ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ìka mẹ́ta lè ṣà fún adìẹ kọ̀ọ̀kan, kó má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ikán nínú igi jíjẹrà, ẹ gbọ̀n ọ́n fún àwọn ọmọ, kò sí ohun tí wọ́n ń yára jẹ tó o. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ so rọ̀ kí wọ́n máa já a. Èèpo ẹyin tí ẹ yan tí ẹ sì gún kúnná dáa fún abo tó ń yé. Yanrìn wínníwínní náà kò gbọdọ̀ wọ́n wọn, òun ni ìwe wọn fi ń lọ oúnjẹ.

Àwọn oníbàárà mi máa ń béèrè bóyá èérún kéèkì ni mo fi ń bọ́ wọn. Rárá o. Ṣúgà àti bọ́tà kì í ṣe oúnjẹ adìẹ, adìẹ tí kò tó ìdajì kílò kò sì ní ibi tí yóò fi ọ̀rá pamọ́ sí láìsí pé ẹyin há sí i nídìí.

Ní ti omi, ohun tí ikú ọmọ wọn fi ń wọlé jù nìyí. Ìdérí ìgò ìpara pẹlẹbẹ ni mo ń lò fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo sì ń to òkúta wẹ́wẹ́ tí mo ti fọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé àlàfo tó kù kò gba ju àgógó ẹnu lọ. Òròmọdìẹ tó bá tẹ̀ ẹ́, orí òkúta ló máa dúró sí. Àárọ̀ àti ọ̀sán ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹyin àti ọmọ

Ẹyin adìẹ ńlá kan wúwo tó ẹyin Serama mẹ́ta dáadáa. Bí mo bá fẹ́ fi po kéèkì, mi ò kà á, mo ń wọ̀n ọ́n ni. Àkùkọ kan tó fún abo mẹ́rin. Ẹyin Serama sábà máa ń pa lọ́jọ́ 19 tàbí 20, ti Japan lọ́jọ́ 20 tàbí 21, torí náà ẹ má fi ọjọ́ 21 tí ẹ ti mọ̀ mọ́ adìẹ ńlá gbé ẹyin Serama sábẹ́ abo pẹ̀lú ti ẹlòmíì.

Bí abo bá ti ń sàba, tó wú ìyẹ́, tó ń kùn bí ẹ bá na ọwọ́ sí i, ẹ gbé ẹyin marùn-ún péré sábẹ́ rẹ̀. Kò lè bo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, èyí tó bá yọ síta lálẹ́ á tutù, ọmọ inú rẹ̀ á kú. Ìyá rere ni wọ́n. Mo ti rí abo kékeré tó dojú kọ ológbò nítorí ọmọ rẹ̀, ológbò náà ló yà fún un.

Ẹ wá fetí sí èyí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin bántáàmù Japan. Ohun àjogúnbá tó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, bí ọmọ bá gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá, tó tún gbà á láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọmọ náà kò ní yè, inú ẹyin ló ń kú sí. Bí ẹ bá so ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú pọ̀ mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ẹ ka iye tí ẹ máa rí báyìí: nínú ẹyin mẹ́rin tó ní ọmọ, ọ̀kan yóò kú nínú ẹyin, méjì yóò jáde ní ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ọ̀kan yóò jáde ní ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹyin púpọ̀, ibẹ̀ ló ń bọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí ẹyin tó kú yìí, wọ́n á sì máa bú abo pé kò mọ ẹyin sàba. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mi ò ta gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ gígùn mi. Mo ń so ẹlẹ́sẹ̀ gígùn mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ìdajì ọmọ á gùn lẹ́sẹ̀, ìdajì á kúrú, ẹyin kankan kò sì ní tipa ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kú. Ẹni tó bá rí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn nínú àgò yín tó ní ayédèrú ni, ẹ ṣàlàyé fún un.

Bí ìyá bá wà, ẹ jẹ́ kó tọ́ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá sí, ooru bíi 35°C ni wọ́n ń fẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa dín in ní bíi 3°C lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná ni kí ẹ wá, LED kò mú ooru wá. Bí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo ń fi aṣọ wé e, mo sì ń tẹ́ ẹ sáàárín wọn. Ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, èéfín tí ojú kò rí yẹn á pa wọ́n kí ẹ tó mọ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni kí ẹ máa wò: bí wọ́n bá kó jọ sójú kan tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ tún máa yẹ ìdí wọn wò lárọ̀ọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìgbẹ́ bá gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tú, ẹ má fà á.

Àrùn

Lúkúlúkú ni olórí ọ̀tá. Kò ní ìwòsàn. Ìgbẹ́ adìẹ tó bá mú á ní àwọ̀ ewé, ọrùn á lọ́, á máa mí gulegule, ìgbà ọyẹ́ ló sì ń jà jù. Àjẹsára rẹ̀ wà, ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹranko ti ìjọba tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é: èyí tí wọ́n ń kán sójú fún ọmọ ọjọ́ kan, àti Lasota tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Lọ́sẹ̀ kẹta ni mo ń fún tèmi ní Lasota, mo sì ń tún un ṣe lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ohun tó ń lé àwọn tó ní adìẹ díẹ̀ sá ni pé ìgò kan tó fún ọ̀pọ̀ adìẹ, bí ẹ bá sì ti pò ó, láàárín wákàtí méjì ló ti gbọ́dọ̀ tán. Àwa tí à ń sin adìẹ ládùúgbò máa ń dáwó ra ìgò kan, a sì ń fi í fún adìẹ gbogbo wa láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Inú fíláàsì oníyìnyín ni mo ń gbé e wálé. Omi kànga ni mo fi ń pò ó, torí omi tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí ń pa àjẹsára. Mo ń wọn mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, gíráàmù 2.5 fún lítà kan, mo pò ó mọ́ omi ná kí n tó da Lasota sí i. Mo máa ń gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan ṣáájú kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, mi ò sì ní jẹ́ kó ju ìyẹn lọ, torí ara wọn kò lè gba òùngbẹ pẹ́.

Ní ti egbòogi míì, ẹ má fojú díwọ̀n. Bí dókítà ẹranko bá ní milílítà 1 fún kílò 2, adìẹ oníkílò 0.4 yóò gba milílítà 0.2 péré. Sírínjì kékeré oní-milílítà 1 ní àmì tó fi í hàn kedere. Ẹ wọn adìẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé wọn sórí ìwọ̀n, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyẹ́ wọn pọ̀, adìẹ tó ti rù lè máa dà bí èyí tó sanra lójú yín. Bí Serama oníwọ̀n 400 bá fi gíráàmù 40 dín lọ́sẹ̀ kan, ó ti ṣàìsàn, bó tilẹ̀ ń jẹun. Aran ni mo kọ́kọ́ ń fura sí, lẹ́yìn náà kòkòrò tó ń fara pamọ́ sínú ojú pákó, tó ń jáde lóru wá mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi tí wọ́n ń wọ̀ lé lálẹ́, bí àmì pupa bá wà lára rẹ̀, òun ni. Eérú igi àti yanrìn gbígbẹ nínú bàsíà kan, kí wọ́n máa yí gbirigbiri nínú rẹ̀, ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹni tó bá wá rà lọ́dọ̀ mi, àkùkọ kan àti abo méjì ni mo ń kó fún un nínú páálí tí mo ti lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, èérún pákó nísàlẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan irú èyí tí wọ́n ti ń jẹ, kí inú wọn má baà bàjẹ́ nílé tuntun. Orí itan ni kí ẹ gbé páálí náà sí nínú mọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ gbé e sí búùtù.